Irọ́ ni pé wèrè tó bá ti wọ ọjà kò ṣe é wò mọ́

Láti Kétu títí dé Sábẹ̀, àti láàárín àwa Yorùbá tó wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin, bí orí ẹnìkan bá dàrú, ìbéèrè kan wà tí àwọn àgbà máa ń bi àwọn ará ilé rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ohunkóhun mìíràn: ṣé ó ti wọ ọjà? Bí wọ́n bá fèsì pé rárá, ìmọ̀ràn á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, oníkálukú á dárúkọ oníṣègùn, wòlíì tàbí ilé ìwòsàn tó mọ̀. Bí wọ́n bá ní ó ti wọ ọjà, pàápàá tó bá jẹ́ ní ìhòòhò, ohùn gbogbo wọn á yí padà. Wọ́n á ní kí ìyá rẹ̀ gba kádàrá, kí bàbá rẹ̀ má ta ilẹ̀ tó kù, kí wọ́n tọ́jú owó náà fún àwọn ọmọ yòókù, nítorí pé wèrè tó bá ti wọ ọjà kò ṣe é wò mọ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òtítọ́. Àwọn tó ń sọ ọ́ kò gbèrò ibi, ohun tí wọ́n fi ojú ara wọn rí ló jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí kò pé, ìgbàgbọ́ náà sì ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ìbá padà bọ̀ sípò gbó sí ẹ̀gbẹ́ títì, kí wọ́n sì kú síbẹ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi dúró lé ọjà kò ṣòro láti lóye. Ọjà kì í ṣe ibi ìtajà lásán lójú Yorùbá; ibẹ̀ ni a gbà pé ará ayé àti ará ọ̀run ti jọ ń ná, ibẹ̀ náà sì ni ojú gbogbo ìlú wà. Ẹni tó bá ya wèrè dé ibẹ̀, a gbà pé àwọn ẹni àìrí ti gbà á lọ́wọ́ àwọn ará ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìtìjú tún wà níbẹ̀, nítorí pé àìsàn inú yàrá ṣì ṣe é fi pamọ́, ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ọjà bá ti rí ti kúrò ní ohun tí a lè bò. Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tó ń gbé aláìsàn lọ síbẹ̀ gan-an. Ebi ń pa á. Ó ti sú àwọn ará ilé, tàbí kí wọ́n ti lé e jáde. Ní ọjà ni yóò ti rí àjẹkù oúnjẹ, èso tí wọ́n dà nù, omi, ibòji ní ọ̀sán, àti ìsọ̀ tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ ní òru, níbi tó lè sùn sí bí òjò bá ń rọ̀. Ọjà Kétu, ọjà Sábẹ̀, ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́, gbogbo wọn ló ní nǹkan wọ̀nyí. Ẹsẹ̀ tó gbé e débẹ̀ kò yí ohunkóhun padà nínú ọpọlọ rẹ̀. Àìsàn tó wà lára rẹ̀ ní àná, nígbà tó ṣì wà nínú agbo ilé, náà ló wà lára rẹ̀ lónìí.

Àìsàn tó sábà máa ń sọ ènìyàn di bẹ́ẹ̀ ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní schizophrenia, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àìsàn mìíràn wà tó lè fara jọ ọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní 2019, nǹkan bí 24 mílíọ̀nù ènìyàn ló ní in káàkiri ayé, ìyẹn ẹnìkan nínú nǹkan bí 300. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ènìyàn bá ń di géńdé títí dé nǹkan bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó sì máa ń yọ́ wọlé ni. Ọmọ tó máa ń bá ẹgbẹ́ ṣeré á bẹ̀rẹ̀ sí í dá jókòó sínú yàrá, á máa fura sí ẹni tó ń se oúnjẹ fún un, oorun rẹ̀ á dàrú, kò ní í fẹ́ wẹ̀ mọ́, á máa dá ẹni tí ẹlòmíràn kò rí lóhùn. Kò ṣe é láti fi tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ó ń gbọ́ ohùn náà ní tòótọ́, ọpọlọ rẹ̀ ló ń dá a sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn ọ̀pọ̀ ọdún, ló máa ń wà láàárín ìgbà tí àmì wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí aláìsàn náà bọ́ aṣọ sílẹ̀ lójú ọjà.

Níbi àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ti rí ẹsẹ̀ dúró. Àwọn oníwádìí ti rí i ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ pé bí àìsàn yìí bá ṣe pẹ́ tó kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwòsàn rẹ̀ ṣe máa ń lọ́ra tó. Ẹni tó bá ń wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò lè rí i pé àwọn tí wọ́n tètè gbé lọ fún ìtọ́jú sàn, pé àwọn tí wọ́n lọ mú ní ọjà kò tètè sàn, kí ó sì parí èrò sí pé ọjà ló fà á. Pípẹ́ ló fà á. Ohun tó ń lọ́ra sì ṣì ń lọ.

Ohun mìíràn wà tó ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ lójú mi, a kì í sì í ronú kàn án. Ẹni tó wà ní ìhòòhò ní ìdí ìsọ̀, gbogbo wa là ń rí i, lójoojúmọ́, fún ogún ọdún. Ẹni tí ara rẹ̀ bá yá yóò wọ aṣọ, yóò gé irun, yóò lọ sí oko tàbí kí ó máa ta ọjà tirẹ̀, a ò sì ní í dá a mọ̀ mọ́ pé òun ni. Bí ó bá jẹ́ ìlú mìíràn ló ti rí ìwòsàn, ó lè má padà sí ìlú tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n sí wèrè, nítorí pé kò dá a lójú pé yóò rí ìyàwó fẹ́ níbẹ̀. Àwọn ará ilé rẹ̀ náà kò ní í sọ ọ́ síta, pàápàá bí wọ́n bá ní ọmọbìnrin tó ti tó lọ sí ilé ọkọ, torí pé nígbà tí ẹbí ọkọ bá ń ṣe ìwádìí ìdílé, wèrè wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè. Báyìí ni àwọn tí kò sàn ṣe ń pọ̀ lójú wa, tí àwọn tó sàn sì ń pòórá mọ́ wa lójú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ oògùn tí a dá dúró. Aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Kútọnu, ó lo oògùn fún oṣù díẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀, ó padà sílé. Owó tán, tàbí kí wọ́n sọ pé kí ni ẹni tó ti sàn tún ń fi oògùn ṣe, wọ́n sì pa á tì. Nígbà tó ṣe, àìsàn náà padà, àwọn ará àdúgbò sì ní ṣé àwọn kò wí. Ní 2012, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé àkójọ ọ̀pọ̀ ìwádìí jáde, tó fi hàn pé nínú 100 ènìyàn tó dá oògùn schizophrenia dúró, nǹkan bí 64 ni àìsàn wọn padà láàárín ọdún kan. Nínú 100 àwọn tó ń lò ó lọ, nǹkan bí 27 ni. Bí ìyá wa tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru bá dá oògùn rẹ̀ dúró tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì tún ga, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́ oògùn. A ó sọ fún un pé kí ó padà sídìí oògùn rẹ̀.

Ní ti ẹ̀rí, ó pọ̀. Ní ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà, ilé ìwòsàn ọpọlọ kan wà tí àwọn aláìsàn tí kò sí ẹni tó ní ìrètí fún mọ́ ti ń gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láàárín àwọn ọdún 1950, wọ́n ṣètò oògùn, iṣẹ́ àti ilé gbígbé fún wọn kí wọ́n lè padà sí àárín ìlú. Oníwádìí kan, Courtenay Harding, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wọn rí ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n sì kéde ní 1987 pé ìdajì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ló ti sàn tàbí tí ara wọn ti dára gan-an. Bí a bá fi ojú tiwa wò ó, àwọn wọ̀nyẹn ni wèrè tó ti wọ ọjà, tó sì ti pẹ́ níbẹ̀. Nítòsí wa, Ìbàdàn wà lára ibùdó mẹ́sàn-án tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá lórí schizophrenia ní apá ìparí àwọn ọdún 1960. Nígbà tí wọ́n tún àwọn aláìsàn náà wò lẹ́yìn ọdún méjì, ara àwọn ti Ìbàdàn àti ti Agra ní Íńdíà yá ju ti àwọn ará London àti Washington lọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sọ pé wèrè ilẹ̀ Yorùbá yàtọ̀ sí ti ibòmíràn, pé kì í gbóògùn, kò lè fi ti Ìbàdàn gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Lónìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré tán, ẹnìkan nínú mẹ́ta àwọn tó ní schizophrenia yóò sàn pátápátá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù sì lè gbé ayé tó dára, kí wọ́n ṣiṣẹ́, kí wọ́n tọ́mọ, pẹ̀lú oògùn àti ará ilé tí kò kọ̀ wọ́n.

Ẹ̀rí tó sún mọ́ wa jù lọ ti Kétu fúnra rẹ̀ jáde. Grégoire Ahongbonon, ọmọ agbègbè Kétu, lọ wá iṣẹ́ ṣe ní Côte d'Ivoire, ó sì ń tún táyà ṣe ní Bouaké. Ó rí owó, ó ra ọkọ̀ takisí, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, ìrẹ̀wẹ̀sì sì bá a débi pé ó rò ó láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Kì í ṣe dókítà. Láti nǹkan bí 1990 ni ó ti ń lọ bá àwọn tó ń rìn ní ìhòòhò ní títì, àwọn tí gbogbo ènìyàn ń sá fún, ó ń gbé oúnjẹ àti omi fún wọn, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ Saint-Camille tó dá sílẹ̀ ní ibùdó ìtọ́jú ní Côte d'Ivoire, ní Benin àti ní Togo lónìí. Ọ̀kan wà ní Avrankou, tí kò jìnnà sí Àjàṣẹ́. Kò sí awo nínú ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n á wẹ aláìsàn náà, wọ́n á gé irun rẹ̀, wọ́n á fún un ní oúnjẹ àti oògùn ọpọlọ tó wọ́pọ̀ tí kò sì wọ́n, wọ́n á wá fún un ní iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ lè gbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó wọ̀nyí, tó ń se oúnjẹ, tó ń pín oògùn, ló ti jẹ́ aláìsàn rí, àwọn kan nínú wọn sì wà ní títì tàbí nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ẹni tó bá ṣì gbà pé wọn kò ṣe é wò, kí ó lọ wò wọ́n.

Oògùn tí mo ń sọ yìí kì í ṣe tuntun. Àwọn dókítà méjì, Jean Delay àti Pierre Deniker, ló fi oògùn tí wọ́n ń pè ní chlorpromazine tọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ ní ilé ìwòsàn Sainte-Anne ní Paris ní 1952. Haloperidol tẹ̀ lé e láti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ní 1958. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òyìnbó nìkan ló ní ọgbọ́n yìí. Asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn oníṣègùn wa ti ń fi gbòǹgbò rẹ̀ wo wèrè tipẹ́tipẹ́, ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní reserpine nínú, èyí tí àwọn onímọ̀ yọ jáde ní 1952 lára ìbátan igi yìí tó wà ní Íńdíà, tí wọ́n sì fi tọ́jú àìsàn ọpọlọ káàkiri ayé fún ìgbà díẹ̀. Àwọn baba wa kò ṣi ewé já. Ìṣòro àgbo ni ìwọ̀n, nítorí pé reserpine tó pọ̀ jù lè fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ débi ewu, kò sì sí ẹni tó lè sọ iye tó wà nínú ìkòkò kan. Oògùn ilé ìwòsàn náà ní ìpalára tirẹ̀: ọwọ́ lè máa gbọ̀n, ọrùn lè yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú lè yí sókè, ara lè wúwo, oorun lè pọ̀ jù. Àwọn ará ilé tó bá rí ọrùn tó yí máa ń rò pé àìsàn náà ló ń jà padà, wọ́n á sì gbé aláìsàn sá kúrò, nígbà tó jẹ́ pé dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ní oògùn tí yóò fi tú u, wọ́n sì lè dín ìwọ̀n rẹ̀ kù. Fún ẹni tí kò lè máa lo oògùn lójoojúmọ́, abẹ́rẹ́ wà tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ohun tí kò wo ẹnikẹ́ni sàn rí ni ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, àbà, pàṣán àti ààwẹ̀ tipátipá. Ẹni tí ebi ń pa, tí egbò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí kò sùn, ọpọlọ rẹ̀ á túbọ̀ dàrú ni. Láti 1954 ni dókítà ọpọlọ Thomas Adeoye Lambo ti fi ọ̀nà mìíràn hàn ní Àrò, ní Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń gbé ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká pẹ̀lú ìbátan wọn kan, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú ní ọ̀sán, tí wọ́n sì ń padà sí àárín ènìyàn ní alẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọjà yìí tún ń ṣe ìpalára kan tí kò hàn sójú. Nígbà tí a bá ti fi ọjà ṣe òṣùwọ̀n, ẹni tí kò bá wọ ọjà kò ní àìsàn ọpọlọ lójú wa. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àìsàn ọpọlọ kò ní í gbé ènìyàn dé ọjà láé. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé 970 mílíọ̀nù ènìyàn ló ní àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn, ìyẹn ẹnìkan nínú 8; 301 mílíọ̀nù nínú wọn ló ní àìsàn àníyàn, 280 mílíọ̀nù sì ní àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ìyá tó ń ta gàrí, tí àyà rẹ̀ ń já láìsí ẹni tó lé e, tí kò rí oorun sùn, tó ní nǹkan kan ń rìn nínú orí òun, a ó ní ọdẹ orí ló ń ṣe é, a ó sì máa ra oògùn ẹ̀fọ́rí fún un. Àgbẹ̀ tí òwú rẹ̀ bàjẹ́, tí kò sí ohun tó wù ú mọ́, tí oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀, tó ń sọ pé òun kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, a ó ní ó ti ya ọ̀lẹ. Bí irú ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ láìdáwọ́ dúró, tó sì ń dí i lọ́wọ́ iṣẹ́, ó ti di àìsàn, ó sì ní ìtọ́jú. Oògùn rẹ̀ máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó fi agbára rẹ̀ hàn, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń jù ú nù ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ọ̀rọ̀ sísọ náà jẹ́ ìtọ́jú: ní Harare ní Zimbabwe, dókítà ọpọlọ Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà bí wọ́n ṣe ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ti aláìsàn, kí wọ́n jọ tú ìṣòro rẹ̀ palẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2016 sì fi hàn pé ara àwọn tí wọ́n ṣe é fún yá ju ti àwọn yòókù lọ dáadáa. Bí ẹnìkan bá sì ń sọ pé ayé sú òun, ẹ bi í tààrà bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè náà kò ní í fi èrò yẹn sí i lọ́kàn. Ẹ ti oògùn apakòkòrò tí ẹ ń fín sí òwú mọ́ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní í tó, kí ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Wọ́n á ní ayé ló ṣe é. N kò ní bá ẹnikẹ́ni du ohun tó gbà gbọ́ nípa ayé, ṣùgbọ́n àwọn ohun tó ń fa àìsàn ọpọlọ tí a ti mọ̀ pọ̀ tó láti gba gbogbo àkíyèsí wa. Ìdílé wà lára wọn, àmọ́ kì í ṣe bí a ti ń bẹ̀rù rẹ̀: nínú 100 ọmọ tí òbí wọn kan ní schizophrenia, nǹkan bí 10 ni yóò ní in, nǹkan bí 90 kò ní í ní in, kí àwọn tó ń ṣe ìwádìí ìdílé fi ìyẹn sọ́kàn. Igbó tí ọ̀dọ́ ń mu lójoojúmọ́ wà níbẹ̀, sódábì àti tramadol tí wọ́n ń tà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wà níbẹ̀, ìyà àti ìfipábánilòpọ̀ ní ìgbà èwe wà níbẹ̀, òṣì àti ọ̀fọ̀ náà wà níbẹ̀. Abísínwín, tó máa ń mú ìyá ọmọ kan tàbí méjì nínú 1000 tó bímọ, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìbímọ. Kì í ṣe ẹ̀rí pé obìnrin náà dalẹ̀ ọkọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ipá mú un jẹ́wọ́. Bí wọ́n bá tètè tọ́jú rẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń sàn pátápátá. Ẹni tí orí rẹ̀ bá sì dàrú lójijì pẹ̀lú ibà, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé ibà tó ti dé ọpọlọ lè pa á kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹni yín tó bá ti wà ní ọjà báyìí, ẹ má kó ọ̀dọ́ mẹ́wàá pẹ̀lú okùn lọ bá a. Kí ẹnìkan tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ gbé oúnjẹ lọ, kí ó pe orúkọ rẹ̀, kí ó tún lọ lọ́jọ́ kejì. Kí ẹ kọ́kọ́ bá nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín sọ̀rọ̀, yóò sọ fún yín bí ẹ ó ṣe gbé e dé ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Jacquot ní Kútọnu tàbí dé Avrankou, bí oògùn tó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì náà kò bá tó. Ẹ sọ iye ọdún tó ti wà níta, oògùn àti àgbo tó ti lò rí àti ìgbà tó dá wọn dúró. Kí ẹ sì tó kúrò níbẹ̀, ẹ bèèrè iye tí oògùn oṣù kan yóò jẹ́ ní sẹ́fà, kí ẹbí jókòó pín in láàárín ara wọn fún ọdún kan, torí pé níbi oṣù kẹta, nígbà tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀, ni owó àti sùúrù ti sábà máa ń tán.